Ilẹ̀kùn Ẹgbẹ̀rún Ó Dín Méje

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, lójú oorun tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo sùn. Ìyá Ẹfúnróyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé orin yẹn sílẹ̀ ná, alága ò tíì dé, ìpàdé ò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Mo fẹ́ rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an. Mi ò ní ṣe àbùmọ́.

Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi Rẹ̀mílẹ́kún yìí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi tẹ táípìráítà ní ọ́fíìsì. Kò sí ọ̀gá tó jẹ níbẹ̀ tí kì í sọ pé èmi ni kí n tẹ lẹ́tà òun. Bí ìka mi bá ti kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gbọ́ràn. Ẹ̀rọ kankan ò rí mi fín rí, àfi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí.

Àbúrò mi Bọ́látitó, èyí tó ń gbé Kánádà, ló fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì lọ́jọ́ Ajé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo yín lẹ wà níbi ìsìnkú Màámi, ẹ sì rí i pé kò wá. Fadékẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ló wá jíṣẹ́ fún mi. Ó ní Bọ́látitó ní tí òun ò bá rí èsì lẹ́tà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun á gbà pé ó ti tán láàárín àwa méjèèjì, òun ò sì ní yọ ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu mọ́ láyé.

Mo kọ́kọ́ ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo ti ń gbìyànjú láti ṣí ímeèlì náà lórí kọ̀ǹpútà tó wà nílé mi. Ẹ gbà pé mo jìyà. Àpótí kékeré kan á yọ sójú kọ̀ǹpútà, á ní kí n tẹ orúkọ mi àti páásíwọọ̀dù mi. Màá tẹ̀ ẹ́. Àpótí náà á wọlẹ̀. Kí n tó mí kanlẹ̀, á tún ti yọ: orúkọ, páásíwọọ̀dù. Màá wá tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Á tún yọ. Ó yọ títí mo fi ń rí i lójú ọbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ọjà ló wá là mí lọ́yẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kò sóhun tó ṣe páásíwọọ̀dù mi, bí wọ́n ṣe to inú ẹ̀rọ náà ni kò dáa. Ó ní lẹ́tà tó ń wọlé ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, èyí tó ń jáde náà ní tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó ka nọ́ńbà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi sì yí i sí Yorùbá nínú ara mi bí bàbá mi ṣe kọ́ wa: ti ìwọlé, ẹgbẹ̀rún ó dín méje, ti ìjáde, ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́tàlá. Ó tún pe orúkọ gbọọrọ kan tó kún fún àmì ìdánudúró, tí kò jọ orúkọ ọmọ èèyàn. Ó ní mi ò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ mi lásán, kí n kọ ọ́ pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ lódindi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan.

Àná tíí ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé kọ̀ǹpútà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn sì ń ta. Mo fi bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo tẹ orúkọ, mo tẹ páásíwọọ̀dù. Àpótí tún yọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó lanu.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ̀yin náà máa ń wí tẹ́ ẹ bá kan ilẹ̀kùn ilé èèyàn yín? Ṣé orúkọ ìrìbọmi lẹ máa ń kà sílẹ̀ ni? Èmi ni la máa ń wí, ẹni tó wà nínú ilé á sì mọ ohùn.

Àpótí ní, "Èmi ta?"

"Èmi Rẹ̀mílẹ́kún."

"Mi ò mọ̀ ọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Mo kàn ṣàkíyèsí pé kò bọ̀wọ̀ fún mi, àpótí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lánàá. Mo ní bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Mo dìde, mo tún ìró mi ró, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀. Kò ṣe mí bí ohun ìyanu rárá. Inú ibẹ̀ ń ta sánsán bíi bébà tuntun.

Nígbà tí mo yọ sí òdìkejì, ọ́fíìsì kan ni mo rí tó léfòó lójú sánmà, ó ga tó orí igi máńgòrò. Wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, aṣọ ẹnìkan sì wà lórí okùn náà tó ń gbẹ. Àwọn akọ̀wé jókòó sí etí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń mì dirodiro, wọ́n ń lu lẹ́tà lóǹtẹ̀. Bí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ kan, ọ́fíìsì á rọ sísàlẹ̀ díẹ̀.

Obìnrin kan láàárín wọn rí mi. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, màmá. Tí lẹ́tà bá ti pọ̀, a máa wúwo, a ó sì balẹ̀ wá bá yín."

Mo dúró. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, mo mọ̀ pé ọ́fíìsì kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ará ìlú. Mo ká aṣọ orí okùn náà nígbà tó gbẹ, kí n má kàn dúró lásán.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ilẹ̀kùn ló kún inú ibẹ̀ lọ súà, láti ibí títí dé ibi tí ojú ò tó mọ́. Mo sọ fún obìnrin náà pé ẹgbẹ̀rún ó dín méje ni mò ń wá.

Ó ní, "Ìyẹn rọrùn. Ẹgbẹ̀rún la kọ́kọ́ kàn. A wá yọ méje kúrò kó lè pé."

"Níbo lẹ kó méje ọ̀hún sí?"

"Wọ́n ti fẹ̀yìn tì."

Mo ní alẹ́ á san wọ́n ju òwúrọ̀ lọ. Ó ṣe àmín, ó sì mú mi dé ìdí ilẹ̀kùn náà. Ọkùnrin kan jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó ní irùngbọ̀n ṣóńṣó, ojú rẹ̀ le. Obìnrin yẹn ní ọ̀gá ìwọlé nìyẹn.

Ọ̀gá ìwọlé ní, "Orúkọ yín?"

"Rẹ̀mílẹ́kún."

"Kò pé."

Mo rántí ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀ wí. Mo mí sínú, mo ní, "Rẹ̀mílẹ́kún Àńkẹ́, ọmọ Ògúnrìnádé, aya olóògbé Oyèékànmí, ọmọ agboolé Jagun, lẹ́yìn ọjà, níbi tí igi odán méjì wà, ọ̀kan ti wó." Ó ń kọ ọ́. Ìlà tó ń kọ gùn kọjá orí tábìlì, ó kọ ọ́ sára ògiri, ó padà wá kọ ìyókù sára kóòtù rẹ̀.

"Páásíwọọ̀dù?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mo sọ ọ́ sí i létí. Ẹ̀yin náà, ẹ má wulẹ̀ retí pé màá sọ ọ́ níbí.

Ó mi orí. Ó ní, "Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a ò mọ̀ yín."

"Tó bá tọ̀nà, kí ló tún kù?"

"Páásíwọọ̀dù la mọ̀, màmá. Ẹ̀yin la ò mọ̀."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó mú fọ́ọ̀mù mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Etí rẹ̀ gùn, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di pátákò lórí tábìlì, ọ̀gá ìwọlé sì di òbúkọ tó de táì. Ó jẹ orúkọ mi, ó jẹ ti bàbá mi, nígbà tó kan agboolé Jagun, ó há a lọ́fun, ó wúkọ́.

Obìnrin yẹn ní, "Ẹ má bínú. Tó bá ti di aago méjì, ọ̀gá wa máa ń di òbúkọ. Ó wà nínú ìwé òfin iṣẹ́."

Mo ní kò burú, òfin lòfin ń jẹ́. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Ó ní, "Mẹ̀ẹ́."

Obìnrin náà wá bi mí bóyá mo ní ẹlẹ́rìí, ẹnìkan tó mọ̀ mí. Kí n tó dáhùn, ohun kan wúkọ́ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wò ó, táípìráítà mi àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Eruku ti bò ó. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ gbá a mọ́ra.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún márùndínlógójì ló fi lù mí. Tí inú bá ń bí i, lẹ́tà A ló máa ń gbá jù. Bó bá ti tẹ ọ̀rọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, mi ò rí i kó pa ohun tó ti tẹ̀ rẹ́ rí."

Lójú àlá, mo gbà á bí ìyìn. Mo tiẹ̀ wo obìnrin yẹn bóyá ó gbọ́. Nísinsìnyí tí mo ń rò ó lójú yín, mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀rọ ò lè jẹ́rìí èèyàn. Ẹni tí ẹ jọ mu ọmú kan náà la fẹ́."

Mo ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Kánádà ló wà."

"Rárá o. Ó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí láti ọjọ́ Ajé. Ó ti kan ilẹ̀kùn títí."

Ni mo bá gbọ́ ọ. Kò, kò, kò. Ohùn kan ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ń ro mí." Mo mọ̀ pé lẹ́tà ni, mo rí etí bébà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohùn Bọ́látitó ni, ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí a jọ ń ti odò bọ̀ tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ rìn mọ́.

Ẹ dúró ná. Kí n tó máa bá a lọ, ohun kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Gbogbo yín lẹ gbà pé Bọ́látitó ò pè mí lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ tiẹ̀ ti bá mi bú u nínú yàrá yìí. Irọ́ ni. Ó pè mí. Ọjọ́ kẹta tí a sin Màámi ló pè. Mo gbé fóònù, mo ní, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Èmi ni." Ó ń sunkún. Mo mọ ohùn yẹn. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n títí ó fi tó rìn, ta ló máa mọ ohùn rẹ̀ tó mi? Mo ní, "Ìwọ ta? Mi ò mọ̀ ọ́." Mo sì pa fóònù. Mi ò jẹ́ kó sọ ohun tó dá a dúró. Láti ọdún mẹ́ta wá, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ ṣeun. Mi ò fẹ́ omi. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo rọ́ síwájú, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe dé orí àga ọ̀gá ìwọlé. Mo jókòó síbẹ̀, táì ti wà lọ́rùn mi. Òbúkọ yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, wọlé, ọmọ ìyá mi. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ìwọ ta?" Táípìráítà ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ká, ká, ká. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, ọ̀rọ̀ náà ń gba àárín ìka mi kọjá. "Mi ò mọ̀ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́." Mo wo òbúkọ náà pé kó ràn mí lọ́wọ́.

Ó wò mí, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Màmá, bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ débí. Ó máa mọ́ yín lára."

Mo fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, irùngbọ̀n ti ń hù níbẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó yí padà, ó ń lọ. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Mẹ̀ẹ́ẹ́."

Ìgbe yẹn ló jí mi.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, àmì dúdú róbótó róbótó ti kún inú àpótí páásíwọọ̀dù débi tí kò sí àyè mọ́. Ìgbe ọ̀hún ò sì dáwọ́ dúró. Ewúrẹ́ Ìyá Ládùn ni, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ní funfun lójú. Ó dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ mi, bébà Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti jẹ nọ́ńbà ìwọlé, ó ti jẹ ti ìjáde, ó ti jẹ orúkọ gbọọrọ yẹn dé ìdí. Igun bébà kan báyìí ló kù.

Nígbà mìíràn, igi ni mi ò bá mú. Lánàá, mo kàn wò ó. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Ó jẹ ìyókù, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Kújọrẹ̀, kò gbé e. Mo tún pè é, wọ́n ní ó ti pa fóònù. Oòrùn ti ń rọ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń dé. Mo wá jókòó, mo di fóònù mú, mo ń bá ara mi jà. Nọ́ńbà Bọ́látitó ò kúrò nínú fóònù mi rí, mo ti fẹ́ pa á rẹ́ ní àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n láti orí ímeèlì, èèyàn lè fèsì láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn mi gan-an ni mò ń tijú. Tó bá dá a padà fún mi ńkọ́? Tó bá ní, ìwọ ta? Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ní, "Hẹ́lò?"

Mo kàn ń mí síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí arúgbó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Bọ́látitó, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Mo mọ ohùn rẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Mo gbọ́ tó ń fa imú. Ó ní, "Ṣé ẹ ti ka lẹ́tà mi?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

"Lẹ́tà orí ímeèlì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ẹ̀rín Màámi ni, kò yàtọ̀. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, èmi náà sì ń sunkún níhìn-ín, Ìyá Ládùn yọjú lórí ògiri ó ní kí ló dé. Mo ní kó lọ so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Kí lo kọ síbẹ̀?"

Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ilé ìwòsàn ni òun wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Màámi fi kú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní oṣù tó ń bọ̀ ni òun ń bọ̀ wálé wá wo sàréè rẹ̀, ohun tí òun kọ lẹ́tà láti bèèrè ni bóyá òun lè wọ̀ sọ́dọ̀ mi, àbí kí òun wá hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ ìyá mi, hòtẹ́ẹ̀lì, nínú ìlú tí wọ́n bí wa sí. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe dá a lóhùn. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé yàrá Màámi ni yóò sùn, pé mo ní láti pààrọ̀ tìmùtìmù, pé kó mú súwẹ́tà tó nípọn dání nítorí ọyẹ́ ọdún yìí kì í ṣe kékeré. Mò ń sọ ìyẹn fún ẹni tó ti ń gbé inú yìnyín láti ọdún mẹ́tàdínlógún! Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."